Ehoro Tí Kò Sá

Lọ́nà oko Òkè-Òde, lẹ́yìn tí wọ́n dáná sungbó,
Jólàádé ọmọ àbúrò mi fọwọ́ lásán mú ehoro.
Kò dẹ pàkúté, kò yìnbọn.
Ehoro ń wò ó ni. Ehoro ò sá.

Òun náà ló bó o nílé. Ọkọ́ ti ya á níka láàárọ̀ yẹn.
Ọjọ́ kẹrin, egbò dúdú;
kókó yọ lábíyá, ó le bí èkùrọ́,
ibà wá sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹrù igi.

Èmi ni mo ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ kiri abúlé wọ̀nyí,
yìnyín nísàlẹ̀, ìgò wẹẹrẹ lókè.
Mo ní ti èèyi. Mo ní ti ibà pọ́njú.
Mo ní ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.
Bàbá rẹ̀ gbórí sókè lórí ẹní:
“Sàúdátù, ti ehoro ńkọ́?”
Mo ṣí kúlà, mo wo inú rẹ̀,
àfi bí ẹni tí kò mọ ohun tó dì síbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn kan ń ṣe é lọ́wọ́, lókè òkun.
Kò tíì dé Ìlọrin, áḿbọ̀sìbọ́sí ọ̀dọ̀ wa.

Ọsibítù ló gbà á là:
abẹ́rẹ́ ìdí, láàárọ̀, lálẹ́, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko,
owó iṣu ọdún kan.

Ó ti padà sóko báyìí.
Ó ní òun rí òmíràn lánàá lẹ́bàá odò,
ó jókòó, ó ń wo òun.
“Èmi ni mo sá.”