Òṣó ni Mo Ló

Lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù ní Òkèsà, n'Íléṣà,
ni káfẹ̀ mi wà. Kọ̀mpútà márùn-ún:
mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ronú,
ìkarùn-ún, aṣọ la fi bò ó.

Màmá Òguntúàṣe gòkè wá lọ́jọ́ Ẹtì,
ó ń ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka obì.
Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àdírẹ́sì gígùn
tí Ìbídàpọ̀ ọmọ rẹ̀ pè fún un lórí fóònù láti Kánádà,
lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn,
àti igi méjì tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "Oṣù méje.
Wọ́n ní inú ibí yìí ló wà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé ṣí, orúkọ jáde,
ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ọmọ wà,
àpótí aláwọ̀ eérú ni,
àti àwòrán ègé pákó kékeré kan
tí kò rí ibi tí yóò bọ́ sí.
Kọ̀mpútà ní: àfibọ̀ kan sọnù.
Màmá ní, "Ta ló sọnù?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọnù o.
Ẹ̀rọ tó ń mú wa rìn kiri ayé yìí
mọ ìwé é kà, kò mọ fídíò ó wò.
Ó ní ohun tí a ń fi sí i lára
tí í bá a wò ó.

Ìgbà náà ni mo ṣe ohun tí bàbá bàbá mi ń ṣe
nígbà tó ń ru aṣọ àwìn dé Àkókó,
tí onígbèsè bá ní kó padà wá lọ́la.
Òṣó ni mo ló.
Òṣó ni mo ló síwájú kọ̀mpútà, mo ti àga sẹ́yìn,
n kò níí dìde títí yóò fi san ọmọ yẹn fún wa.

Mo wá àfibọ̀ náà, mo fà á wálẹ̀.
Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rìn bí ẹni tó ru omi láìlóṣùká.
Ó wọlé tán, ó ní kí n ti gbogbo rẹ̀, kí n tún un ṣí.
Mo tì í. Mo ṣí i. Eérú.
Mo wọ inú ìtò rẹ̀ lọ, níbi tí oníbàárà kì í dé,
mo bá àfibọ̀ náà nílé, ó jókòó jẹ́ẹ́,
wọ́n kọ ọ́ sí i lórí pé: a kò gbà á láàyè.
Àlejò tí ẹ ránṣẹ́ pè, ẹ ò fún un níjòókòó!
Mo tẹ̀ ẹ́: gbà á láàyè.
Ó tún bi mí: ṣé ó dá ọ lójú?
Ìgbà wo ni nǹkan dá mi lójú tó báyìí rí?

Ọmọ náà yọ.
Eyín kan ṣoṣo nísàlẹ̀, èjìká ń gbọ̀n,
ọwọ́ ń lu tábìlì,
ṣùgbọ́n kẹ́kẹ́ pa.
Ojú Màmá yí padà. Ó rọra pè mí:
"Fọlárànmí, ṣé odi ni wọ́n bí,
tí wọn ò sọ fún mi?"

Mo ṣí ohùn dé òkè. Mo yọ àfibọ̀, mo tún un fi sí i.
Ìdajì wákàtí. Itan mi ti kú.
Lórí òṣó yẹn náà, nísàlẹ̀ tábìlì,
ni ojú mi ti bá wáyà sípíkà:
eku ti jẹ ẹ́ kù bí òwú.
Mo fi eyín bó o, mo lọ́ ọ pọ̀,

ẹ̀rín bú jáde,
ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé e,
ẹ̀rín akólòlò,
ó ga ju ariwo páànù ìsàlẹ̀ lọ.

Màmá kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ àwọn bọ́tìnnì
bí ẹni tó ń wá nǹkan láàárín wọn.
"Èyí tí o fi sí i tó fi ríran yẹn,
ṣé kò sí irú rẹ̀
tí a lè fi sí i kí n fi gbé e pọ̀n?"

Mo ní kò tíì dé, Màmá.
Ó ní ó dáa, tó bá dé, kí n pe òun.
Ó tú etí ìró rẹ̀, ó san owó wákàtí méjì.
N kò tíì béèrè,
n kò sì tíì lè dìde.