Ikú Ta Ni?

Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ń kàwé nídìí iná jẹnẹrétọ̀,
ìwé àwọn ará Gíríìkì ayé ọjọ́un,
ewì kan, ó ní, tó gùn ju ọ̀nà Bàrígà sí Ẹ̀pẹ́.
"Bàbá, jagunjagun kan bínú,
ó jókòó ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, kò jà mọ́,
torí wọ́n gba iyì rẹ̀ lójú àwùjọ.
Tíṣà ní ká kọ ọ́: ó jàre àbí ó jẹ̀bi?"

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ pa jẹnẹrétọ̀.
Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.

Ọmọ, èmi náà ti jókòó ti ọkọ̀ rí.
Etí omi yìí kan náà ni, Ìlàjẹ, ní Bàrígà,
nígbà tí afárá gígùn yẹn ṣì jẹ́ òpó lásán nínú ọ̀sà.
Èmi ni mò ń jókòó nídìí ọkọ̀ ìdíje.
Ọdún mẹ́sàn-án, àjẹ̀ mi ló ń sọ fún ogójì apá
ibi tí wọn ó yà sí.
Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbéra, Ajímúdà olórí wa dé, ó wọ funfun,
ó ní, "Ikúẹ̀san, dìde. Ọmọ mi ni yóò jókòó síbẹ̀."
Kò jágbe mọ́ mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n sún àga.
Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́bàá omi.
Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé relé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ajímúdà.

Mo fi àjẹ̀ há àjà. Mo búra:
bí omi bá ń gbé ilé Ajímúdà lọ, n kò ní na ọwọ́.
Àwọn àgbà wá, wọ́n gbé ọtí, wọ́n gbé ẹja gbígbẹ.
Mo jẹ ẹja. N kò gba ẹ̀bẹ̀.
Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo wí fún wọn,
gbogbo wọn sì mi orí, torí òwe ni.
Kò sí ẹni tó bi mí pé: ikú ta ni?

Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, lóru, ìjì jà láti ìhà Ìkòròdú.
Mo gbọ́ igbe lórí omi. Ohùn méjì.
Mo mọ ọ̀kan: ọmọ Ajímúdà, ẹni tó jókòó sípò mi.
N kò mọ èkejì.
Ìyá ìyá rẹ kò sọ nǹkankan.
Ó nàgà, ó yọ àjẹ̀ lájà, ó fi í lélẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi,
ó padà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri bí ẹni tó ti sùn.

Sìgá kan wà lẹ́nu mi. Mo ní n ó mu ún tán ná.
Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, kò sí ewì tí n ó fi bò ó:
mo mu sìgá kan tán
nígbà tí ènìyàn méjì ń mu omi.

Lẹ́yìn náà ni mo wa ọkọ̀ bíi wèrè.
Ọmọ Ajímúdà ni mo fà jáde, ó dì mọ́ pákó, ó ń bì.
Ilẹ̀ mọ́ ká tó rí èkejì:
Dúrójayé, ọmọ alágbàfọ̀ kan ní Àkókà,
tí kò bá ẹnikẹ́ni jà,
tó kàn fẹ́ sọdá.
Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé mo gbìyànjú.
Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Ajímúdà wá dọ̀bálẹ̀, ó dá ìdí ọkọ̀ padà fún mi.
Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi lásán ni.

Bíírò Mosúnmọ́lá ṣì wà lókè ìwé.
"Bàbá, kí wá ni kí n kọ?"
Kọ ọ́ pé ó jàre.
Lẹ́yìn náà, fi àyè sílẹ̀,
àyè tó tó sìgá kan,
kí o tó fi àmì òpin sí i.

Ó wò mí títí. Ó dìde, ó lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀.
Kí iná tó dé, mo ti gbójú sápá kan.