Awò Òru

Láwọyin to awò mẹ́ta sórí káńtà ní Tákíè.
"Baba, èyí, ohun ìṣeré ọmọdé;
èyí ń sọ òru di àwọ̀ ewé;
èyí, owó màlúù kan ni."
Mo fọwọ́ kan fìlà mi níbi tí kábáàdì ti jó o lu.
Mo ra ti àárín. Ó dín ẹgbẹ̀rún méjì.

Lóru, létí odò Ọbà, ẹtu dúró.
Ogójì ọdún, ẹ̀yinná méjì péré ni mo ń rí,
ìbọn a sì dún.
Àṣé ẹtu ní ikùn.
Nǹkan ń tàpá níbẹ̀.

Mo gbé ìbọn sílẹ̀.
Kí ni n ó wí fún Àríyìíkẹ́
tó ti gbé omi ọbẹ̀ kaná?
Pé awò náà dára jù?