Ẹsẹ̀ Òjò

Ogójì àpò símẹ́ńtì wà lábẹ́ tapólì,
iyanrìn odò Ògùn ti dé láti àná.
Mo ní, "Bàbá Ṣónéye, ẹ jẹ́ ká da jẹ́mánì lónìí."

Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.
Ọ̀pá wọlé bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀kọ tútù.
Ó yọ ọ́, ó fi ẹnu rẹ̀ hàn mí:
ẹrẹ̀ dúdú, irun gbòǹgbò, ekòló kan tó ń lọ́ra rẹ̀ po.
"Ṣé orí ohun tó ń jẹrà lo fẹ́ gbé yàrá ìyá ẹ lé?"

Mi ò dáhùn. Mò ń ṣírò owó ọjọ́ òṣìṣẹ́ márùn-ún.

A họ ilẹ̀ náà bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò.
Gbòǹgbò dóńgóyárò kan kọ̀, kò jáde;
Lásún fi àdá bẹ̀ ẹ́, ó fi àáké, ó bú u,
ó tún padà sórí àdá.
Nísàlẹ̀ la kan òkúta.
Abẹ́òkúta ni, ta ni í walẹ̀ níhìn-ín
tí kò ní bá onílé pàdé?

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣú lórí Ọbáńtókò.
Àwọn tó kù sá. Bàbá fà mí sábẹ́ agboòrùn:
"Má wo òjò. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."
Omi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta ẹ̀yìnkùlé,
ó yà nídìí ọ̀pẹ, bí ẹni mọ àdúgbò,
ó gba àárín ibi tí mo pè ní pálọ̀ kọjá,
kò kan ilẹ̀kùn.

Nígbà náà ni mo rántí ilé wa ní Ìbarà,
ògiri tó ń làágùn iyọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá,
àpótí ìyá mi lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin,
fọ́tò ìgbéyàwó wọn, tí ojú bàbá mi ti wú nínú rẹ̀.
Wọ́n ní àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà.
Tiwa, àgbàrá ò wó o.
Ó ń jẹ ẹ́ ni, díẹ̀díẹ̀, a ò gbọ́ ariwo.

A gbẹ́ kòtò sí ìhà àpáta, ó mù mí dé itan.
Rọ́bà funfun tó kún fómi la fi wọn ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀:
omi ló ń júwe ọ̀nà fún omi.
Páípù tá a lu nihò, òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí.
Lẹ́yìn náà, yangí, tírélà mẹ́ta.
Ká tẹ́ ẹ, ká wọ́n omi sí i, ká gún un,
ká tún tẹ́, ká tún gún,
títí gìgísẹ̀ mi fi ń dùn mí nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò,
tí yangí ò sì gba àmì.

Òjò tún rọ̀ lóru àná.
Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò ó.
Omi dé etí kòtò, ó dúró díẹ̀,
ó yí padà, ó bá ẹ̀gbẹ́ lọ sí gọ́tà.

Ìyá mi pè láàárọ̀: "Ẹ ti da ilẹ̀ ọ̀hún?"
"Rárá, Màmi. Ọ̀nà omi la ṣẹ̀ṣẹ̀ parí."
Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.
"Ó dáa," ló wí,
"mo lè sọ àpótí mi kalẹ̀ níbẹ̀."