Àṣàbí

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú síra wọn
bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí.
Agbẹ̀bí ò wí nǹkan kan, ó wẹ̀ ẹ́, ó faṣọ wé e.

Ọjọ́ kẹta, ilé wa ní Másífà ti kún.
Wọ́n ní Ìyádùnní rìn lọ́sàn-án gangan
láìfi píìnì há aṣọ.
Wọ́n ní ó fi arọ kan rẹ́rìn-ín ní Tákíé.
Ìyá tó bí mi lọ́mọ ń ka oṣù sórí ìka.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan,
èmi tí mo pọn táńkì oògùn koríko
kiri oko kajú látàárọ̀ dalẹ́,
tó ń ro sí mi lẹ́yìn,
tí Ìyádùnní ń fọwọ́ fọ aṣọ náà
nígbà tá ò tíì mọ̀ pé ó lóyún.

Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Nígbà míì, ó ti wà nínú ìran.
Èyí tá ò mọ̀ ló pọ̀ jù.”
Mo tẹrí ba fún ẹ̀bi:
kò gbé e rù mí, kò sì sọ̀ mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí wọ́n ń fi símẹ́ńtì funfun
tọ́ ẹsẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀.
Ìgè lórúkọ. Olúgbódi lórúkọ.
Mo wá ti ẹlẹ́sẹ̀ yíyí títí, n ò rí i.
Àṣàbí la pè é.
Lóru, ó ń fi símẹ́ńtì rẹ̀ gbá mi láyà,
gbì, gbì,
n ò sún sẹ́yìn.