Bàtà Onírin

Lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ mọ́tò káwọ́ lérí ní Windsor,
ọkùnrin ló kún àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan.
Bọ́dé, ọkọ mi, gbé bàtà onírin rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
ó ní kí n má gbé e kúrò níbẹ̀,
wọ́n lè pè é lọ́la.
Yìnyín kún inú bàtà. Wọn ò pè.

Réjean, tó fi ọdún mọ́kànlélógún de ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀,
fi ṣọ́bìrì kó yìnyín ojúlé rẹ̀, ó kó tiwa,
ó kó ti opó tó wà ní kọ́nà,
ó tún padà sí tirẹ̀, níbi tí kò ti sí nǹkan kan mọ́.

Èmi ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì etí odò,
bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìndínlógún lójúmọ́,
owó táṣẹ́rẹ́.
Owó táṣẹ́rẹ́ náà ló san iná.
Wọ́n ní, "Orí obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí."
Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Mo jẹ́wọ́.

Ọdún kọkànlá, àrùn wọ̀lú.
Hòtẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀kùn. Ilé oúnjẹ ti ilẹ̀kùn.
Ibi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú ọmọ, wọ́n ti í.
Luzviminda, Nasrin, èmi,
àti ọmọ Réjean obìnrin tó ń ṣerun:
lẹ́tà kan náà, orúkọ nìkan ló yàtọ̀.
Bọ́dé sì ń wa ọkọ̀ ẹrù kọjá afárá lọ sí Detroit,
torí ìlú kò lè ṣàì jẹun.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí, kò rẹ́rìn-ín:
"Orí ta ló wá ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Mi ò dá a lóhùn. Ọmọ méjì ń kàwé lórí tábìlì oúnjẹ,
ìkẹta ń sunkún, ìrẹsì ń jóná.

Kì í ṣe orí, Bọ́dé.
Ibi tí wọ́n tò wá sí ni.
Wọ́n ti kó yín sídìí irin,
wọ́n kó wa sídìí bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò,
kí ìjì tó dé rárá.
Ìjì kì í wo abẹ́ aṣọ kó tó jà;
òrùlé tó bá wó,
ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Wọ́n pè mí padà nígbà tó yá.
Bẹ́ẹ̀dì ti di méjìlélógún. Owó ò kúrò lójú kan.

Bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Mo gbin ewé míńtì sínú ọ̀kan.
Mo ti ẹsẹ̀ bọ èkejì wò:
ó tóbi fún mi.
Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi.