Ẹsẹ̀ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ẹsẹ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe ẹsẹ̀ ní Igbóbì.
Igi ni mo kọ́kọ́ ń gbẹ́, kó tó di ike,
kó tó di irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè.
Wọ́n rọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀,
bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n bọ́ wọn sílẹ̀
kí wọ́n tó wọ ilé Ọlọ́run.

Ṣíjúwọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé l'Ákọkà,
jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń jẹ gúgúrú.
Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbọ́: ìrora kì í ṣe nǹkan kan lọ́tọ̀.
Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ni í jẹ́.
Nǹkan á gúnni, a óò fà sẹ́yìn, a óò ké,
bó bá dọ̀la a óò yẹra fún ibẹ̀.
Kó gbogbo ìyẹn jọ, ìrora nìyẹn.
Ohun yòówù tó bá lè ṣe iṣẹ́ náà,
ìbáà jẹ́ ẹran ara, ìbáà jẹ́ wáyà,
ìrora ló ní."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi.
Ohun tó bá gbé ènìyàn láti ilé dé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ ni.
N kì í bi í pé ṣé igi ni ọ́ ni, àbí ike.
Mo ti fẹ́ gbà fún un.

Àfi bí Ìyá Wòsílátù ṣe dé láti Láfíàjì.
Télọ̀ ni. Àtọ̀gbẹ ló mú ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ,
ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ maṣíìnì láti ìgbà ọmọge.
Mo de tuntun mọ́ ọn, a gbé maṣíìnì síwájú rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́,
abẹ́rẹ́ ń sáré, ojú ìránṣọ tọ́
bí ìlà tí olùkọ́ fi rúlà fà.
Aṣọ kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti yàtọ̀.
Ṣíjúwọlá wò mí, ó rẹ́rìn-ín ẹni tó jáwé olúborí.

Màmá ní, "Ó dáa. Ó ń ṣiṣẹ́.
Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ń yún mi.
Lóru, bí wọ́n bá ti mú iná lọ,
àtàǹpàkò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀,
àtàǹpàkò tí wọ́n ti sun lẹ́yìn ọsibítù.
Níbo ni kí n họ?"

Ẹsẹ̀ tó wà kò mọ nǹkan kan.
Ẹsẹ̀ tí kò sí ló ń yún.

Ṣíjúwọlá kò juwọ́ sílẹ̀. Ó ní inú ọpọlọ ni iṣẹ́ yẹn ti ń lọ,
ọ̀nà lásán ni ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Mo ní kò burú. Bí mo bá wá so wáyà mọ́ ike yìí,
tí mo fi abẹ́rẹ́ gún un, tó fà sẹ́yìn, tó pariwo "yéè!",
tó sì ń sá fún mi lọ́jọ́ kejì,
ta ló dùn?
Ó ní, "Bí èmi náà bá pariwo 'yéè!',
báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó dùn mí?"
Ẹnu mi wọhò.

Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Ẹni tó wọ ẹsẹ̀ ńkọ́?
Èdè wa gan-an kò gbè mí:
oyin dùn, ọgbẹ́ dùn mí,
ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà,
"mí" kékeré yẹn nìkan ló là wọ́n láàárín,
òun sì ni n kò rí igi tí mo lè fi gbẹ́.

Màmá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.
"Bá mi họ tuntun yìí wò."
Mo kúnlẹ̀, mo fi èékánná họ àtàǹpàkò ike,
mo ń wo ojú rẹ̀.
Òun ń wo ọwọ́ mi. Ó mí kanlẹ̀.
"Sún un sí apá òsì díẹ̀."